Ọwọ́ Tí Ó Di Ìjánu Mú: Ìtàn Ẹṣin àti Àwa Ọmọ Yorùbá, láti Ọ̀yọ́-Ilé títí dé Accra

    

Nínú ìwé ọdọọdún bí irú èyí, ìtàn ìlú àti ìtàn oyè ni a sábà máa ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹṣin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn kan lè béèrè pé, "Kí ló kan ẹṣin kan àwa tí à ń ta ọjà ní Makola, tí à ń gbé Nima àti Accra New Town?" Ó kàn wá. Ojoojúmọ́ ni a ń pe ẹṣin nínú ọ̀rọ̀ wa. Kí àgbà tó là ìjà, yóò ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ lẹṣin òwe. Bí òwò bá dá ẹnì kan lulẹ̀, a ó ní bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ tẹ̀lé àpẹẹrẹ rere, a ó ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí síhìn-ín kò tíì fọwọ́ kan ẹṣin rí, àfi èyí tí wọ́n ń fi gbé ènìyàn rìn létí òkun ní Labadi. Òwe wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà ń sọ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ìtàn ẹṣin tún ní ẹ̀kọ́ kan tí ó bá àwa tí a wà lájò mu. Ìjọba ńlá kan ní ilẹ̀ wa gbára lé ẹṣin, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọlọ́lá ni ìtọ́jú ẹṣin wà. Ìgbà tí ọwọ́ tí ó ń tọ́jú ẹṣin yí padà, ìjọba náà yẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹṣin fúnra rẹ̀.

IRÚ Ẹ̀DÁ TÍ ẸṢIN JẸ́

Ẹṣin tóbi, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń tètè bà á. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kò ní ìwo tí yóò fi jà, kò ní èékánná tí yóò fi ya ẹran. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kìnnìún àti ìkookò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ gbé, agboòrùn tí ẹnì kan ṣí lójijì, ìbọn tí ó dún, èyíkéyìí nínú wọn lè mú kí ó ta gìrì kí ó sì sá. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní olórí kunkun ni. Ẹni tí ó mọ̀ yóò ní ẹ̀rù ló bà á.

Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Ó ń rí ọ̀tún, ó ń rí òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ibi méjì wà tí kò rí: ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ gan-an, àti ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i láìfọhùn, ìpá ni yóò gbà. Ẹ̀gbẹ́ èjìká ni a ti ń lọ bá ẹṣin, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ó lè rí wa kí ó sì gbọ́ wa kí a tó fọwọ́ kàn án. Etí rẹ̀ ni ó fi ń sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí etí bá yí síwájú, ohun kan ló ń wò. Bí ó bá dì í mọ́ ọrùn sẹ́yìn, inú ń bí i, kí ènìyàn yẹra.

Ẹṣin kì í fẹ́ dá wà. Ó fẹ́ràn láti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, bí kò bá sì rí ẹṣin mìíràn, ènìyàn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò fi ṣe ẹgbẹ́. Ó ní ìrántí púpọ̀. Ó mọ ẹni tí ó nà án, ó mọ ẹni tí ó fún un lómi. Ìjánu tí a fi sí i lẹ́nu, ibi tí kò sí eyín ni ó jókòó lé, ẹran ibẹ̀ sì rọ̀ gan-an. Ọwọ́ líle á dá egbò síbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹṣin á máa fi ipá dá ipá padà. Ọwọ́ tí ó rọ̀ tí kò sì gbọ̀n ni ó ń mú kí ẹṣin gbọ́ràn.

Inú ẹṣin gbẹgẹ́ pẹ̀lú. Ẹṣin kì í lè bì. Bí ó bá jẹ ohun tí kò bá a lára mu, inú rírun lè pa á láàárín ọjọ́ kan. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà púpọ̀ ni a ń fún un, kì í ṣe oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lè mu omi tí ó tó 20 sí 40 lítà lóòjọ́, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà oòrùn. A gbọ́dọ̀ máa yọ òkúta àti ẹrẹ̀ kúrò nínú pátákò rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá bàjẹ́, ẹṣin ti tán nìyẹn. Oṣù mọ́kànlá ni abo ẹṣin fi ń lóyún, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Nítorí náà, ẹṣin kì í tètè pọ̀ bí ewúrẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó wà lára ohun tí ó ṣe Ọ̀yọ́.

ẸṢIN NÍ Ọ̀YỌ́-ILÉ

Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Yorùbá, nínú ọ̀dàn, kò jìnnà sí odò Ọya. Igbó kìjikìji kò sí níbẹ̀. Tápà àti Bàríbá ni aládùúgbò rẹ̀, àwọn méjèèjì sì lẹ́ṣin. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Tápà lé Ọ̀yọ́ kúrò nílé. Àwọn Aláàfin wá tẹ̀dó sí Ìgbòho fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọba mẹ́rin ni a sin síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀rọ́ńpọ̀tọ̀, tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé obìnrin ni. Ìgbà tirẹ̀ ni ìtàn so mọ́ ètò ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tí ó gún régé. Ẹlẹ́ṣin ni wọ́n fi lé Ọ̀yọ́ lọ. Ọ̀yọ́ náà kọ́ ẹṣin, ó sì fi ẹṣin padà sílé.

Mo fẹ́ kí àwọn tí òbí wọn gbé Tamale, Yendi àti Salaga fetí sí èyí. Ọ̀pọ̀ àwọn Yorùbá tí ó ṣòwò ní àríwá Ghánà ní ọ̀rúndún ogún, láti Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ni wọ́n ti wá. Ìlú tí Ọ̀yọ́ ti kọ́ ẹṣin wà lára ìlú tí àwọn bàbá wa ti gbéra wá sí Ghánà.

Ọ̀yọ́ kì í sin ẹṣin tó bí ó ṣe ń lò ó. Láti ọ̀dọ̀ Tápà, ilẹ̀ Haúsá àti Borno ni ọ̀pọ̀ ẹṣin ti ń wá, owó ńlá sì ni. Ohun tí ó ń pa á ni àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ẹṣin á kọ́kọ́ gbóná, á rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á sì kú. Nígbà náà, ohun tí gbogbo ènìyàn rí ni pé ẹṣin kì í pẹ́ ní ìhà gúúsù. Ní 1895 ni dókítà ọmọ ogun Britain kan, David Bruce, fi hàn ní ilẹ̀ Zulu pé kòkòrò kan tí kò ṣeé fojú lásán rí wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó ń ṣàìsàn náà, àti pé eṣinṣin yìí ni ó ń gbé e. Igbó àti bèbè odò ni eṣinṣin náà fẹ́ràn. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, bí igi bá ti fọ́n ká, ẹṣin lè mí.

Ìdí nìyẹn tí agbára Ọ̀yọ́ fi gba ọ̀nà kan pàtó. Ọ̀yọ́ kò lè fi ẹṣin borí Ìjẹ̀ṣà nínú igbó. Ṣùgbọ́n ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ọ̀dàn kan là igbó já títí dé etí òkun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè Badagry, ó gba ilẹ̀ Benin àti Togo kọjá, ó sì parí sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra tí a ń gbé yìí. Òjò Accra kò pọ̀, nǹkan bí 730 mìlímítà lọ́dún, ó kéré sí ti Kumasi púpọ̀. Ojú ọ̀nà gbígbẹ kan náà tí ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gbà dé Dahomey ni ó jẹ́ kí ẹṣin lè gbé ní Accra lẹ́yìn náà.

OGUN 1726: ÌGBÀ TÍ ẸṢIN KỌ̀ LÁTI SÁRÉ

Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gbógun ti Agaja, ọba Dahomey, ẹni tí ó ṣẹ́gun Allada ní 1724. Orúkọ Allada yìí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé "Alata" ti wá, tí àwọn ará ìlú fi ń pe àwa ará Nàìjíríà níhìn-ín, tí ó sì wà lára orúkọ àdúgbò Ngleshie Alata ní James Town.

Olówò ẹrú kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Snelgrave, kọ ìròyìn ogun náà sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1734. Ó ní ẹlẹ́ṣin ni àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, ẹlẹ́sẹ̀ ni ti Dahomey, ṣùgbọ́n ìbọn wà lọ́wọ́ Dahomey. Ìró ìbọn ń dẹ́rù ba àwọn ẹṣin tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó gùn wọ́n kò lè darí wọn wọ àárín ọ̀tá. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jà.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí ó gun ẹṣin lè láyà bíi kìnnìún, ṣùgbọ́n kò lè fi àyà tirẹ̀ sínú ẹṣin. Ẹṣin tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí, ìró ìbọn ni yóò sá fún. Àwọn tí wọ́n fẹ́ lo ẹṣin níbi tí ìbọn ti ń dún gbọ́dọ̀ fi ìró náà mọ̀ ọ́n lára díẹ̀díẹ̀, láti òkèèrè kí ó tó di itòsí, kí wọ́n sì máa fún un ní oúnjẹ lásìkò náà, títí ìró náà kò fi ní jẹ́ nǹkan kan fún un mọ́. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni, iṣẹ́ ẹni tí ó ń tọ́jú ẹṣin ni, kì í ṣe ti ọ̀gágun.

Ọ̀yọ́ kò jáwọ́. Lẹ́yìn ogun mìíràn, Dahomey gbà ní 1730 láti máa san ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì tún fìdí àdéhùn náà múlẹ̀ ní 1748. Ó tó ìgbà ọba Ghezo, ní àwọn ọdún 1820, kí Dahomey tó bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́.

TA NÍ Ń DI OKÙN MÚ?

Ní ààfin Ọ̀yọ́, oyè kan wà tí ń jẹ́ Olókùn-ẹṣin. Ipò ńlá ni. Àṣà sì ni pé bí Aláàfin bá wàjà, Olókùn-ẹṣin yóò bá a lọ. Nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944, òyìnbó aláṣẹ dí àṣà náà lọ́wọ́, ọmọ Olókùn-ẹṣin sì pa ara rẹ̀ dípò bàbá rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Dúró Ládípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964, tí Wọlé Ṣóyínká sì fi kọ eré tí ó jáde ní 1975. Okùn ẹṣin ọba kì í ṣe ohun kékeré lójú àwọn bàbá wa.

Ṣùgbọ́n oyè ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Àwọn tí wọ́n ń gé koríko, tí wọ́n ń bu omi, tí wọ́n ń wo egbò, tí wọ́n ń lọ́ okùn, tí wọ́n mọ̀ bí ẹṣin bá fẹ́ ṣàìsàn kí ó tó dùbúlẹ̀, ẹrú Haúsá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìlú ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ti rà wọ́n, wọ́n sì bá ìmọ̀ wọn wá. Ẹnikẹ́ni kì í kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Nígbà tí ọlọ́lá bá gun ẹṣin kọjá lọ́jà, òun ni wọ́n ń kí.

Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò tí ó wà ní Ìlọrin tí ó ti ń bá Aláàfin ṣọ̀tá, ké sí àwọn ẹrú Haúsá yìí pé kí wọ́n wá, òun yóò fún wọn ní òmìnira. Wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, wọ́n sì wọ́ lọ sí Ìlọrin. Ohun tí Ọ̀yọ́ pàdánù lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ìwọ̀nba ènìyàn lọ. Ọwọ́ tí ó mọ ẹṣin ni ó lọ. Bí ogun sì ti dí ọ̀nà àríwá, ẹṣin tuntun kò rọrùn láti rà mọ́. Agbára ẹlẹ́ṣin ṣí kúrò ní Ọ̀yọ́, ó bọ́ sí Ìlọrin. Àfọ̀njá náà kò jẹ èrè rẹ̀ pẹ́: àwọn tí ó pè wá ni wọ́n pa á ní nǹkan bí 1824.

Nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìn-ín-ní 1826, tí ó bá Aláàfin Májòtú lórí ìtẹ́, ìjọba náà ti ń mì. Ní àárín àwọn ọdún 1830, Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro. Ẹlẹ́ṣin Ìlọrin gba ọ̀dàn kan títí wọ́n fi dé Òṣogbo. Níbẹ̀, ní nǹkan bí 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn. Ẹlẹ́ṣin tí ó bá kúrò nínú ọ̀dàn tí ó wọ igbó ti fi agbára rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn.

Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Orúkọ ọba àti ti jagunjagun kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Orúkọ ẹni tí ó ń tọ́jú ẹṣin ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Bí ayé ti rí nìyẹn: ẹni tí ó gùn ún là ń rí.

ẸṢIN NÍ ILẸ̀ GHÁNÀ

Ilẹ̀ tí a bá dé yìí ní ìtàn ẹṣin tirẹ̀. Ní àríwá, Dagbon, Mamprugu àti Gonja, ìjọba ẹlẹ́ṣin ni wọ́n. Àwọn ará Gonja sọ pé Ndewura Jakpa àti àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ni wọ́n dá ìjọba wọn sílẹ̀. Ní Dagbon títí di òní, nígbà ọdún Damba, àwọn ìjòyè ń gun ẹṣin tí a wọ̀ láṣọ, ẹṣin náà á máa gbẹ́sẹ̀ sí ìlù. Ẹni tí ó bá rò pé ẹṣin kò lóye, kí ó lọ sí Yendi nígbà Damba.

Ọjà Salaga sì wà. Láyé àtijọ́, obì ń ti igbó Asante wá síbẹ̀. Ẹṣin, màlúù àti aṣọ ń ti àríwá bọ̀. Wọ́n ta ènìyàn níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kí a fi bò. Ẹṣin tí ó bá ti Salaga wọ igbó kì í pẹ́ kú, nítorí náà Asante, bí ó ti lágbára tó, kò jẹ́ ìjọba ẹlẹ́ṣin. Eṣinṣin kékeré kan ni ó pààlà sáàárín ìjọba ẹlẹ́ṣin àti ìjọba ẹlẹ́sẹ̀.

Ní 1877, àwọn òyìnbó gbé olú-ìlú Gold Coast kúrò ní Cape Coast wá sí Accra. Ilẹ̀ Accra gbẹ, ẹṣin lè gbé níbẹ̀, wọ́n sì mú eré ẹṣin àti pólò wá. Nínú pólò, ẹlẹ́ṣin mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń dojú kọ ara wọn, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn gbá bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú bíi méje ni abala kan. Bí abala kan bá parí, ẹlẹ́ṣin á pààrọ̀ ẹṣin, nítorí pé eré náà le. Nítorí náà, ẹni kan ṣoṣo tí ó ń gbá pólò nílò ẹṣin púpọ̀, àwọn ẹṣin náà sì nílò ọ̀pọ̀ ọwọ́: ẹni tí yóò jí ní ìdájí, tí yóò wẹ̀ wọ́n, tí yóò fọ́ ọkà fún wọn, tí yóò mú wọn rìn títí òógùn yóò fi gbẹ lára wọn. Àwọn ará àríwá ni wọ́n sábà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ọlọ́lá wà lórí gàárì, àlejò ni ó wà nílẹ̀ tí ó di okùn mú.

Pápá tí àwọn òyìnbó ti ń gbá pólò wà ní òpópónà High Street. Lórí pápá yẹn gan-an, lọ́gànjọ́ òru tí ó mọ́ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta 1957, ni Kwame Nkrumah dúró sí tí ó kéde pé Ghánà ti gba òmìnira títí ayé. Ibẹ̀ ni ọgbà ìrántí Nkrumah wà báyìí, tí wọ́n ṣí ní 1992. Bí ẹ bá mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹṣin ni ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ.

Ẹṣin kò tán ní Accra. Wọ́n ṣì ń gbá pólò. Ọlọ́pàá Ghánà ní àwọn ẹlẹ́ṣin tiwọn. Ní etí òkun Labadi, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ẹṣin gbé ọmọdé rìn gba owó. Nílé náà, ẹṣin ṣì ń jáde: àwọn ìdílé Balógun ń gùn ún lọ kí Awùjalẹ̀ ní Ọjúde Ọba, ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, Ìlọrin sì ní ẹṣin ọdún tirẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÀWỌN ARÁ WALES

Ẹ jẹ́ kí a yà sí òkèèrè díẹ̀. Ní ilẹ̀ Wales, ní Britain, irú ẹṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní Welsh Cob. Kò ga lọ títí, ṣùgbọ́n igbáàyà rẹ̀ gbòòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó sì lè sáré pátápátá lórí òkè olókùúta. Ẹṣin àgbẹ̀ ni. Ó ń túlẹ̀, ó ń fa kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà, àwọn ológun náà lò ó. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ pé ó gbóná lára ṣùgbọ́n ó nífẹ̀ẹ́ ènìyàn: ọlọ́wọ́ líle kò ní gbádùn rẹ̀, aláìbìkítà kò ní lè darí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní sùúrù tí kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà yóò rí ọ̀rẹ́.

Kí ni mo ṣe mú wọn wọ inú ìtàn wa? Ní 1901, àwọn ará Wales dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹṣin wọn. Ní 1902, wọ́n tẹ ìwé àkọ́kọ́ jáde, tí wọ́n kọ orúkọ ẹṣin, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ sí. Wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí bí wọ́n ti ga sí. Nígbà tí mọ́tò àti katakata dé, tí ẹnikẹ́ni kò nílò ẹṣin fún oko mọ́, ìwé náà wà lára ohun tí ó dáàbò bo irú ẹṣin náà. Lónìí, Welsh Cob wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ẹṣin Ọ̀yọ́ kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Ìmọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n orí ẹni tí ó ń gbá ìgbẹ́ ẹṣin ni ó wà, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè. Nígbà tí ó lọ, ó kó o lọ.

OHUN TÍ Ó KAN ÀWA

Ẹ̀yin ará mi, ọdún 1969 kò tíì di ohun ìgbàgbé nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wa. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí a bí síhìn-ín, tí wọn kò mọ ilẹ̀ mìíràn, di ẹrù wọn. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ní 1983, Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ará Ghánà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ẹnì kan jà lórí èyí, kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí a wò nínú rẹ̀. Àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n lọ ní 1969 mọ ọ̀nà tí ọjà ń gbà dé abúlé. Wọ́n mọ ẹni tí a lè gbé ọjà àwìn fún ní Tamale, wọ́n mọ ìgbà tí aṣọ ń tà ní Bawku. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé. Ọwọ́ wọn ni ó wà, bí ọgbọ́n ẹṣin ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹrú Haúsá ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n lọ, ìmọ̀ náà bá wọn lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti bá wọn wọ ilẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó padà wá lẹ́yìn náà ní láti kọ́ ọ̀nà lákọ̀tun.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ wa kò tóbi. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n mọ̀wé kọ. Kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà wa tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, kí wọ́n sì bi wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, kì í ṣe oyè tí wọ́n jẹ nìkan. Báwo ni ẹ ṣe ń rà, báwo ni ẹ ṣe ń tà, ta ni ó kọ́ yín, kí ni ẹ kọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ yín? Kí wọ́n bi awakọ̀, kí wọ́n bi aránṣọ, kí wọ́n bi ìyá tí ó ń ta ata. Kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdọọdún yìí, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún. Bí àwọn ará Wales bá lè kọ orúkọ bàbá ẹṣin sílẹ̀, kò yẹ kí ó nira fún wa láti kọ iṣẹ́ bàbá ọmọ sílẹ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó di okùn mú. Nínú ilé wa àti ní ìsọ̀ wa, a ní àwọn ọmọ tí ń báni ṣiṣẹ́, Yorùbá, Ewe, Dagomba àti ẹ̀yà mìíràn. Ẹ mọ orúkọ wọn. Ẹ san owó wọn lásìkò. Àfọ̀njá mìíràn lè ké sí wọn lọ́la, bí ó bá sì ké, ohun tí a ti ṣe sí wọn ni yóò sọ bóyá wọn yóò dáhùn.

Ẹ̀kẹta, fún àwọn ọmọdé wa tí wọ́n ń lọ sí Labadi. Ẹ má ṣe gba ẹ̀yìn ẹṣin kọjá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan ọrùn àti èjìká rẹ̀, kì í ṣe imú. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní oúnjẹ, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ kí ó má baà gé ìka yín jẹ. Ẹ má ṣe lọ́ okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́ láéláé, nítorí pé bí ó bá ta gìrì, yóò wọ́ yín lọ ni. Apá òsì ni a ti ń gun ẹṣin. Bí ẹ bá wà lórí rẹ̀, ẹ má kígbe. Bí egbò bá sì wà lára ẹṣin náà, tàbí tí egungun ìhà rẹ̀ ń hàn, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe san owó lé e lórí. Ẹ wá èyí tí wọ́n tọ́jú dáadáa. Owó yín ni yóò kọ́ ẹni tí ó ni ín lọ́gbọ́n.

Bí ẹṣin bá kú, a fi ìrù sáyé. Bí ènìyàn bá kú, ọmọ ni ó ń fi sáyé, pẹ̀lú ohun tí ó bá kọ́ ọmọ náà. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí gbogbo wa sí láti rí ọdún mìíràn. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ilẹ̀ Ghánà tí ó gbà wá yóò tòrò, ilé wa ní Nàìjíríà yóò tòrò.